Ìdí Tí Ẹ̀jẹ̀ Ajá Fi Ń Sáré Lọ́wọ́ Àjèjì

Nígbà láéláé, wọ́n lé Ajá kúrò nílé nítorí àìsàn tí kò ṣe é. Ọmọ mẹ́rin ló fi sílẹ̀, ọmú ni wọ́n ṣì ń mu.

Ọ̀bọ ló fà á. Láyé ìgbà náà, ilẹ̀ ni Ọ̀bọ ń gbé. Òun ni oníṣègùn gbogbo ẹranko, torí òun nìkan ló ní ìka tó lè gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù. Á so okùn mọ́ ẹranko lápá, á fi igi lọ́ okùn náà títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dákẹ́ lábẹ́ ìka rẹ̀. Bó bá lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹfà, ara le. Bó bá kọjá mẹ́wàá, ẹ̀jẹ̀ ń ru nìyẹn.

Ajá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìgbẹ́ ọdẹ dé ni, ahọ́n rẹ̀ ń jò, nígbà tí Ọ̀bọ yọ sí i. Kò kí i. Kò ní kó jókòó. Ó gbá a lẹ́sẹ̀ iwájú mú, ó so okùn, ó ń lọ́ ọ. Àwọn ewúrẹ́ ń pariwo lẹ́yìn.

"Méjìlá!" ni Ọ̀bọ ké. "Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń ru gùdù! Yóò ya dìgbòlugi, yóò bu gbogbo wa jẹ. Ẹ lé e sígbó!"

Wọ́n lé e.

Nígbà tí Moróunkéjì, ìyá tó ni Ajá, ti odò dé, àwọn ọmọ Ajá ń ké. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó wọgbó, ó gbé Ajá kọ́ èjìká, ó di ọ̀dọ̀ Ọ̀bọ.

"Ìyá, ẹ ò bẹ̀rù pé yóò bù yín jẹ ni?" ni Ọ̀bọ wí.

"Ìwọ ló yẹ kó bẹ̀rù. Bí àlejò bá wọlé ẹ, kí lo kọ́kọ́ ń fún un?"

"Omi ni, Ìyá."

"Ta ló ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń mí hẹlẹ?"

"Kò sẹ́ni náà."

"Ajá tèmi wá ńkọ́? Ṣé òun kì í ṣe ẹni ni?"

Moróunkéjì tẹ́ ẹní, ó bu omi fún Ajá. Ajá lá omi, ó gbórí lé e nítan. Moróunkéjì ń fọwọ́ pa á lórí, ó ń kì í jẹ́jẹ́: "Ajá mi, a-ṣọ́lé-má-tòògbé, ọ̀rẹ́ tí kì í bínú kọjá oúnjẹ." Èémí Ajá rọlẹ̀.

"Ó yá, wọ̀n ọ́n."

Ọ̀bọ wọ̀n ọ́n. Ó di mẹ́jọ.

"Má ka ti àkọ́kọ́ yìí, ìka rẹ tó tutù ló bá a lójijì. Tún un wọ̀n."

Ó di méje. Ó tún un ṣe, ó di mẹ́fà. Ó tún un ṣe sí i, mẹ́fà náà ni.

 Ajá sáré lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀.

"Ó dáa," ni Moróunkéjì wí. "Ta ni yóò bẹ Ajá?"

 Ọ̀bọ fò, ó gun igi.

Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀bọ ti ń gbé orí igi. Láti ọjọ́ náà sì ni ẹ̀jẹ̀ Ajá ti ń sáré bí àjèjì bá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, tí kì í rọlẹ̀ àfi kí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jókòó tì í. Dókítà ẹran tó bá fẹ́ wọ̀n ọ́n lónìí, kó jẹ́ kó sinmi ná, kó sì wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Moróunkéjì ò kúrò nídìí igi.

"Ọ̀bọ, mo ní ta ni yóò bẹ Ajá? Dá mi lóhùn!"