Ètò Tó Ń Pe Àgbà Ṣáájú

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ baba ẹgbẹ́ láàárín àwọn tó ń kọ ètò orí kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ pẹ́ tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kọ ètò kan tó ń kìlọ̀ fún àwọn abúlé etí odò nígbà tí omi dáàmù, ìyẹn odò tí wọ́n mọ odi sé, bá fẹ́ ya wá. Ètò náà a máa pe fóònù àwọn ará abúlé, ohùn bàbá yìí fúnra rẹ̀ ni wọ́n á sì gbọ́: "Omi ń bọ̀, ẹ gun òkè." Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ rere ni, mi ò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ bí a ṣe ń pín ẹran nílé wa: àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Abúlé tó kọ́kọ́ wọ ètò náà ni yóò kọ́kọ́ pè. Ìgbà tó bá pè é tán ni yóò tó kan èyí tó tẹ̀ lé e. Abúlé bàbá náà ló ṣáájú. Orí òkè ló wà, oko wọn nìkan ló wà létí odò. Abúlé ẹsẹ̀ dáàmù ló wọlé kẹ́yìn, nítorí náà òun ló ń gbọ́ kẹ́yìn.

Obìnrin kan wọ ẹgbẹ́ náà. Ó ní kí wọ́n yí i padà, kí ètò máa kọ́kọ́ pe àwọn tí omi yóò kọ́kọ́ bá. Inú bí wọn. Wọ́n bi í pé ọjọ́ wo ló dé. Bàbá ní, "Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Òótọ́ lọ̀rọ̀ náà. Àmọ́ àkísà ló ń gbèjà lọ́jọ́ yẹn, kò sì mọ̀.

Nígbà tí òjò pọ̀, bàbá lọ kí ìyá ìyàwó rẹ̀ ní abúlé ẹsẹ̀ dáàmù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi ìfọwọ́ fún un ni fóònù rẹ̀ dún. Àbúrò rẹ̀ ló ń pè láti orí òkè.

"Ẹ̀gbọ́n, ètò yín ti pè wá o. Ó ní omi ń bọ̀. Ibo lẹ wà?"

Bàbá gbé ìyá àgbà pọ̀n, ó ń pariwo bó ṣe ń sáré. Àwọn tó gbọ́ ọ tẹ̀ lé e gun orí àpáta. Àwọn ọkùnrin méjì tó wà lẹ́nu ẹja pípa kò gbọ́.

Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Omi yọ, ó pọ́n, ó ga ju òrùlé lọ, ó gbé odidi ìrókò dání bí ẹni gbé igi ìdáná. Bàbá ní bí òun ti dàgbà tó, òun kò rí ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rù bà á, ẹnu yà á, kò lè gbójú kúrò. Ibi tí wọ́n dúró sí ni fóònù obìnrin kan ti dún. Ó tẹ̀ ẹ́, gbogbo wọn sì gbọ́ ohùn bàbá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Omi ń bọ̀, ẹ gun òkè." Gbogbo ojú yí sí i.

Nígbà tó padà sí ẹgbẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú obìnrin tuntun náà, ẹni tó lè bí lọ́mọ. Ó dìde, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé abúlé rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

Alàgbà, ẹ̀yin ni mo pa àkàwé yìí fún. Ẹ ti pẹ́ nínú ìjọ yìí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú, obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dára pọ̀ mọ́ wa gbé ọwọ́ sókè, ẹ sì bi í pé ọjọ́ wo ló dé. Ó jókòó. Ẹ lọ bá a lónìí, torí pé títí di ìsinsìnyí, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ ohun tó rí.