Ìdí Tí Òkúta Ojú Ọ̀run Fi Ń Rìn Pẹ́ Kó Tó Gba Orúkọ

Nígbà láéláé, kò sí ẹni tó lórúkọ lójú ọ̀run àfi Oòrùn, bàbá gbogbo wọn. Àwọn òkúta kéékèèké ń rìn gbéregbère, wọ́n ń forí sọ ara wọn. "Ìwọ yẹn" ni wọ́n ń pe olúkúlùkù, bí ẹnìkan bá sì pe "Ìwọ yẹn," gbogbo wọn ló ń jẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Oòrùn kéde pé òun yóò sọ gbogbo ọmọ òun lórúkọ. Inú Òkúta Kékeré kan dùn débi pé kò lè jókòó. Ó fi eruku ha ara rẹ̀ títí tó fi ń dán, ó sì ṣáájú gbogbo wọn dé àgbàlá Oòrùn.

Àwo oyin kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀. Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á fi orí ìka kan oyin, wọ́n á tọ́ ọ wò, orúkọ á sì mọ́ni lára. Orí ìka nìkan ni, torí pé oyin gbogbo ilé ni.

Ayé tọ́ ọ wò, ó gba orúkọ. Ayé Pupa, aládùúgbò rẹ̀ tó pọ́n bí osùn, náà gba tirẹ̀. Ni ẹni tó tóbi jù nínú wọn, tí à ń pè ní Rògòdò lónìí, bá ti Òkúta Kékeré sẹ́yìn. Ó ní àgbà ló ń kọ́kọ́ bu nǹkan. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwo, ó lá a títí tó fi gbẹ, oyin sì ṣàn yí gbogbo ara rẹ̀ ká.

Àwọn òkúta kéékèèké bú sẹ́kún. Rògòdò ń rẹ́rìn-ín.

"Kí lẹ fẹ́ forúkọ ṣe? Ẹ wọ inú mi wá, kí gbogbo wa jọ máa jẹ́ Rògòdò."

Àwọn kan tilẹ̀ ti ń sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Òkúta Kékeré wólẹ̀ níwájú Oòrùn.

"Bàbá, ẹ dá ẹjọ́ yìí. Oyin yẹn kì í ṣe ti ẹni tó tóbi. Ṣé torí pé mo kéré ni mi ò fi ní jẹ́ ẹnìkan?"

Oòrùn ní òtítọ́ lọmọ náà sọ. Ó ní omi kankan ò ní lè wẹ oyin yẹn kúrò lára Rògòdò láéláé. Ṣùgbọ́n oyin ti tán.

"Ọ̀nà ló kù tí mo lè fún yín," ló wí. "Kí kálukú mú ọ̀nà tirẹ̀, kó máa yí mi ká, kó má yẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá mọ ibi tí o ń lọ kí o tó débẹ̀, ẹni náà ti mọ̀ ọ́. Òun ni yóò sọ ọ́ lórúkọ."

Òkúta Kékeré bọ́ sọ́nà láàárín Ayé Pupa àti Rògòdò. Ó ń yí, ó ń yí. Nígbàkígbà tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rògòdò, Rògòdò á fà á mọ́ra, á ní: "Ekùrọ́, wọn ò tíì pè ọ́?" Ó dùn ún, ṣùgbọ́n kò yẹ̀.

Ó pẹ́ títí, obìnrin kan láyé tó ń jẹ́ Ìbídùn gbé awò gígùn tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run sójú, ó sì rí àmì tíntín kan tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀ tó dúró sójú kan. Ó ṣírò ọ̀nà rẹ̀. Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìràwọ̀ kan, ó ní ibẹ̀ ni yóò yọ sí. Àwọn ará ilé rẹ̀ fi í ṣẹ̀rín, wọ́n ní òkúta wo ló ń pa àdéhùn mọ́?

Òkúta Kékeré gbọ́. Rògòdò fà á lọ́tẹ̀ yìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ ó di ọ̀nà rẹ̀ mú ṣinṣin, ó sì yọ gẹ́lẹ́ níbi tí obìnrin náà nawọ́ sí.

Ìbídùn fò sókè. "Ó dé! Mo sọ fún yín pé kò ní yẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ yẹ ẹ́, Ọ̀nàyẹmí lorúkọ rẹ̀."

Ọ̀nàyẹmí ò tọ́ oyin wò rí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó mọ bó ṣe ń dùn.

Láti ọjọ́ tí Rògòdò ti lá oyin gbogbo ilé ni ìlà oyin ti wà lára rẹ̀, ẹ fi awò wò ó, ẹ ó rí i. Láti ọjọ́ náà náà ni àwọn òkúta kéékèèké ti ń yí Oòrùn ká bí ìgbànú, tí wọn kì í sì í gba orúkọ àfi tí ẹnìkan bá ti mọ ọ̀nà wọn dájú. Àwọn tí kò tíì gba tiwọn ṣì pọ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n ń yí, wọn ò yẹ̀. Ẹni tí yóò mọ̀ wọ́n ni wọ́n ń retí.