Ìjàpá àti Oúnjẹ Ẹja Ọ̀fẹ́

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi já wàì, ó bọ́ sínú adágún, ó ta omi sí Ìjàpá lójú. Ó fẹ́ sọ ìdí tí a kì í fi í da ẹja ńlá pọ̀ mọ́ wẹ́wẹ́.

Òótọ́ pọ́ńbélé ni, mo fi irin búra. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n fi irin sílẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́ tán.

Ẹja wọ́n nílùú àwọn ẹranko. Ọba Kìnnìún bá ní kí wọ́n máa fi owó ìlú ra oúnjẹ ẹja, kí wọ́n máa pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá ń sin ẹja, kí ẹja lè pọ̀ lọ́jà. Ìjàpá gbẹ́ adágún, ó pọn omi kún un, kò sin ẹja kankan. Ogún àpò ló ń gbà lóṣooṣù, tó ń tà á fún àwọn adìẹ òdìkejì odò. Ehoro tó ní ẹja lóòótọ́, ìyẹ̀fun ìsàlẹ̀ àpò ló ń kàn án. Ẹja wá wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Inú bí Ọba. "Ẹkùn, lọ wo gbogbo adágún. Ẹni tó bá ń gba oúnjẹ tí kò ní ẹja, kó fi ìlú yìí sílẹ̀ lónìí!"

Ìjàpá gbọ́. Ó sáré tọ Ehoro lọ.

"Ehoro, ọ̀rẹ́ àtàtà, yá mi ní ẹja rẹ títí di ọ̀sán."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Àlejò kan ń bọ̀ ni. Màá fún ọ ní àpò oúnjẹ méjì."

Ehoro wo àwọn ọmọ ẹja àrọ̀ rẹ̀ tí ebi ti sọ di abẹ́rẹ́. Ó gbà. Ó kó igba fún un.

Ìjàpá rò ó pé wẹ́wẹ́ wọ̀nyí kò jọ ẹja tó ń jẹ ogún àpò. Ó lọ yá àrọ̀ ńlá mẹ́fà lọ́wọ́ Ọ̀nì, ó da gbogbo wọn pọ̀ sínú adágún rẹ̀.

Yánníbo, ìyàwó rẹ̀, ní, "Baálé mi, ẹ ò ní fún wọn lóúnjẹ?"

"Oúnjẹ wo? Mo ti tà á tán. Ṣé wọ́n fẹ́ sùn níbí ni?"

Ìjàpá dúró létí omi, ó ń wo ojú ọ̀nà. Oòrùn ń gòkè. Ẹkùn ò dé. Omi ń rú gùdù lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, omi dákẹ́.

Ẹkùn dé. Ehoro ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó fẹ́ wá gba ẹja rẹ̀.

"Ìjàpá, ẹja dà?"

"Ó kún bámúbámú, olóyè!"

Ẹkùn ju àwọ̀n. Àrọ̀ mẹ́fà ló gbé jáde, ikùn wọn rí bẹ̀ǹbẹ̀. Ó tún un jù. Omi lásán.

"Ogún àpò fún ẹja mẹ́fà?"

"Ẹ wo ikùn wọn, olóyè! Ṣé wọn ò yó ni?"

Ehoro figbe ta. "Igba ọmọ ẹja mi dà? Àárọ̀ yìí lo yá wọn lọ́wọ́ mi!"

Ìjàpá wólẹ̀. Ó sunkún, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ehoro. Ẹkùn kò wo ojú ẹ̀, ó lé e jáde nílùú. Wọ́n fi adágún rẹ̀ àti ogún àpò oṣù tó ń bọ̀ san ẹja Ehoro.

Ibi tí àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni àwọn tó ń sin àrọ̀ ti ń ṣa ńlá kúrò láàárín wẹ́wẹ́, torí àrọ̀ tí ebi ń pa kò mọ ẹbí.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ o. Àforíjì tí mo ní Ìjàpá tọrọ yẹn, èmi ni mo fi kún un. Kò tọrọ nǹkan kan. Ohun tó ń bi Ẹkùn bó ṣe ń lọ ni pé, "Olóyè, ṣé wọ́n ń pín oúnjẹ ẹja nílùú kejì?"