Ìyẹ́ Àparò Tó Jó Létí

Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ o!
— Ààlọ̀!
Ààlọ́ mi rìn gbẹ̀rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Ọ̀kẹ́rẹ́, ọmọ ogun inú igbó.

Ìyẹ́ Àparò tó jó létí ni àmì ẹgbẹ́ ogun rẹ̀, àyà ni wọ́n ń fi í sí. Àwọn ọmọ ogun Ẹkùn, tí èékánná jẹ́ àmì tiwọn, fi ìyẹ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́ létí odò. Ọ̀kẹ́rẹ́ tì í sábíyá. Wọ́n tún fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jà, ó fi ìrù bò ó. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó jù ú sódò.

Ẹ gbè é:
Ìyẹ́ ń lọ o!
— Ẹ bá wa mú un!
Omi ń gbé e lọ!
— Ẹ bá wa mú un!

Nígbà tí ọjọ́ ayẹyẹ ẹgbẹ́ ogun wọn pé, Balógun Àgbọ̀nrín mú ìyá arúgbó kan jáde. Àparò ni. Àyà rẹ̀ ti pá.

Balógun ní, "Nígbà tí iná jó igbó yìí, gbogbo àwa ọmọ ogun sá. Ìyá yìí ló dúró, tó fi ìyẹ́ bo àwọn ọmọ tí a fi sílẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ náà la fi sáyà, ká má baà sá mọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́, o wà lára àwọn ọmọ yẹn. Àmì rẹ dà?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ wolẹ̀. "Ó... ó já bọ́ sódò ni."

"Kò burú, ọmọ mi," ni Àparò wí. Ó tẹ ọrùn, ó fa ọ̀kan tu nínú ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù lára rẹ̀, ó fi í sí i láyà.

Ẹnikẹ́ni ò bú u, ẹ̀yin ọmọ. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí Ọ̀kẹ́rẹ́ bá rí wa, orí igi ló ń sá lọ, ìrù ló fi ń bojú.

Ibẹ̀ ni mo bá a, ibẹ̀ ni mo fi í sí.