Bí Ẹ̀yìn Ọ̀pọ̀lọ́ Ṣe Di Kókó

Nígbà láéláé, tí awọ Ọ̀pọ̀lọ́ ṣì ń dán bí ẹyin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, òun àti àbúrò rẹ̀ jókòó létí odò, wọ́n ń jẹ èsúnsún. Àbúrò ní kí ó bá òun mú ọ̀kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí Ọ̀pọ̀lọ́ tó yíjú padà, Àwòdì ti gbé àbúrò lọ.

Ọjọ́ méje ni Ọ̀pọ̀lọ́ kò fi jáde. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó gbọ́ pé Alákàn ti rí ọgbọ́n ṣe ẹ̀yìn líle tí ẹnu Àwòdì kò ràn. Ó fò dé ilé Alákàn, kò sinmi lọ́nà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe tèmi lónìí,” ló wí. “Àwòdì ṣì ń yí lókè ilé wa.”

Alákàn gbà. Ó tẹ́ ìko sí i lẹ́yìn ní ìpele mẹ́rin, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, ó sì fi ìda oyin lẹ etí ewé mọ́ awọ rẹ̀ yíká. Ihò méjì péré ló fi sílẹ̀. Eṣúṣú, tó ń bá Alákàn ṣiṣẹ́, fi ẹnu sí ọ̀kan, ó ń fa afẹ́fẹ́ jáde. Èkejì, tí wọ́n dí ná, ni oje igi inú igbá ẹ̀gbẹ́ wọn yóò gbà wọlé. Alákàn ní bí afẹ́fẹ́ bá ti tán, oje fúnra rẹ̀ ni yóò sáré wọ inú ìko, kò ní ku ibì kan.

Ó dẹtí sílẹ̀ bóyá ìda ń súfèé níbì kan. Kò súfèé. Ewé lẹ̀ mọ́ ìko pinpin. Nígbà náà ló ṣí ihò kejì.

Oje ń wọlé! Ọ̀pọ̀lọ́ ń mọ̀ ọ́n lára bí ó ti ń tutù lọ lẹ́yìn rẹ̀, láti ìdí dé ọrùn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

“Má mí kanlẹ̀ títí oje yóò fi le,” ni Alákàn wí. “Má sì kọrin. Mo mọ ẹ̀yin ará àbàtà.”

Eṣúṣú, tí ẹnu rẹ̀ dí, kàn ju ìrù ni.

Ọ̀pọ̀lọ́ gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ayọ̀ kún un lọ́fun, ọ̀fun wú, ó sì ké kọ̀ọ̀. Ìda ya. Afẹ́fẹ́ rọ́ wọlé, ó di róbótó-róbótó nínú oje. Ìko bọ́ sílẹ̀. Oje tó ṣẹ́ kù wọ inú awọ Ọ̀pọ̀lọ́, ó sì wú ní kókó kéékèèké.

“Ó ti bàjẹ́,” ni Alákàn wí jẹ́jẹ́.

Ọ̀pọ̀lọ́ fọwọ́ kan ẹ̀yìn. Ó rọ̀ bíi ti àná.

Bí ó ṣe ń lọ sílé, Àwòdì já wálẹ̀, ó fi ẹnu há a. Kókó kan bẹ́. Oje funfun kíkorò dà sí Àwòdì lọ́fun, ó sì tu Ọ̀pọ̀lọ́ dànù kíá, ó ń da itọ́ bí ó ti ń fò lọ. Ọ̀pọ̀lọ́ dìde nínú iyanrìn. Ó wà láàyè!

Ìdí nìyí tí ẹ̀yìn Alákàn fi le tí ó sì ń dán, tí ti Ọ̀pọ̀lọ́ sì rọ̀ tí ó sì rí ṣákiṣàki. Oje kíkorò náà ṣì wà nínú kókó kọ̀ọ̀kan.