Ọkọ̀ Àwẹ̀ró àti Àwọn Tó Tì Í

Bí àlejò bá lo ọjọ́ márùn-ún péré ní Òkè-Arère, yóò ti gbọ́ òwe kan tí kò ní yé e: "Ọkọ̀ Àwẹ̀ró kì í gbàgbé ẹni tó tì í." Àlejò á wá máa rò ó pé, ṣebí irin ni ọkọ̀? Èwo wá ni ti kí irin máa rántí ènìyàn? Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí, ìdí rẹ̀ sì nìyí.

Àwẹ̀ró, tí wọ́n tún ń pè ní Ìyá Wúrà, ni ìyàwó Oyèkànmí, ọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan kó iṣu àti kòkó wálé láti oko. Iwájú ọkọ̀ náà gba ènìyàn mẹ́ta, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu fún ẹrù. Bí ẹnìkan bá ń ṣàìsàn, ọkọ̀ yìí kan náà ní í gbé e dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí Oyèkànmí kú, ọkọ̀ náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, lábẹ́ igi ìyeyè, fún ọdún mẹ́sàn-án. Táyà rẹ̀ rì wọlẹ̀. Ara rẹ̀ dípẹtà. Adìẹ ń yé sórí ìjókòó tí baálé ilé máa ń jókòó sí.

Àwọn tó ń ra irin àlòkù wá lẹ́ẹ̀mẹta, Àwẹ̀ró ò tà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá lẹ́ẹ̀kẹta, bí wọ́n ṣe yí ẹ̀yìn padà ló lọ bá Bàbá Ládépò, àgbà mẹkáníìkì tí ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn.

"Bàbá, mo fẹ́ kí ọkọ̀ Oyèkànmí tún rìn."

"Àwẹ̀ró, ojú mi ò ríran mọ́."

"Ojú tèmi ríran, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tó yẹ kó wò."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e.

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá á jókòó sórí àpótí, Àwẹ̀ró á ki orí bọ inú ẹ́ńjìnnì.

"Mo rí nǹkan kan tó dà bí ife, ọ̀rá ti dì í lẹ́nu pa."

"Kabúrétọ̀ nìyẹn, òun ló ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Tú u wá."

Àwẹ̀ró á tú u, á gbé e lé Bàbá lọ́wọ́, Bàbá á fi ìka tọ́ ọ wò bí ẹni ń wo ara ọmọ tí ibà mú. Àwọn nọ́ọ̀tì tó ti gan, kẹrosíìnì ni wọ́n ń dà sí i, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Rájí tó ń jó irin wá lẹ páànù tuntun mọ́ ìsàlẹ̀ tó ti jẹra. Nígbà tí Àwẹ̀ró ń dúpẹ́, Rájí ní, "Ẹ má dúpẹ́, Ìyá Wúrà. Ta ló gbé ìyá mi lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí ejò bù ú jẹ?"

Lábẹ́ ìjókòó, Àwẹ̀ró rí pákò kan tí Oyèkànmí ti rin dé ìdajì. Ó jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Gbogbo àsìkò yìí, Bámgbàlà gbẹ́nàgbẹ́nà, tí ọgbà nìkan wà láàárín ilé rẹ̀ àti ti Àwẹ̀ró, ò yé fi wọ́n ṣẹ̀sín. "Ìyá Wúrà, òkú kì í jí o! Ẹ wo pósí onítáyà!" Ìnagijẹ náà gba ẹnu àdúgbò. Ó dun Àwẹ̀ró dé egungun, nítorí pósí Oyèkànmí ló ń rántí. Láti ọjọ́ náà, kò kí Bámgbàlà mọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ni wọ́n parí iṣẹ́. Wọ́n gbìyànjú, ọkọ̀ kò dáhùn. Bàbá Ládépò tẹ́tí sí i dáadáa, ó ní, "Bátìrì ò lágbára. Ẹ pe ènìyàn, títì ló kù."

Àwẹ̀ró jókòó sí ìjókòó awakọ̀, gẹ́gẹ́ bí Oyèkànmí ṣe kọ́ ọ lójú ọ̀nà oko. Àwọn tó ń lọ sóko sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Bàbá pàápàá fi ọwọ́ kan kún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti ga díẹ̀, ọkọ̀ dúró, ó fẹ́ padà sẹ́yìn. Lójijì ni ó tún sún síwájú. Àwẹ̀ró wo dígí. Bámgbàlà ló rí, èérún pákó kún orí rẹ̀, ó fi èjìká ti ìdí ọkọ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó bú ramúramù, ọkọ̀ sì já lọ. Bámgbàlà dojú bolẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Kí Àwẹ̀ró tó yí padà dé, ó ti wọlé lọ.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn èyí, Àwẹ̀ró ń bó ẹ̀gúsí lọ́ọ̀dẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Ó rí Bámgbàlà lẹ́bàá ọgbà, òjò ń pa á. Ó fẹ́ padà.

"Kí ló dé?" Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Fádérera ni, ìyàwó mi. Ó ti ń rọbí láti àárọ̀. Nọ́ọ̀sì ní ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ọ̀kadà kankan ò sì lè gba ọ̀nà yẹn." Ó wolẹ̀. "Ìyá Wúrà, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé èmi ni mo pè é ní..."

Kí á má parọ́, ọ̀rọ̀ pósí yẹn ru sókè ní àyà Àwẹ̀ró. Ṣùgbọ́n èjìká tó rí nínú dígí lọ́jọ́ náà kò jẹ́ kó ráyè jókòó. Ó dìde, ẹ̀gúsí dà sílẹ̀.

"Bámgbàlà, ọkọ̀ mi ò gbọ́ ìyẹn. Ẹni tó tì í ló mọ̀. Sáré lọ gbé ìyàwó rẹ wá!"

Fádérera wà níwájú, ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn nínú òjò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹrẹ̀ mú wọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni Bámgbàlà bẹ́ sílẹ̀ tó tì í jáde. Kí ilẹ̀ tó ṣú, dókítà jáde sí wọn. Ó ní ó kù díẹ̀ kí wọ́n pẹ́ jù, ṣùgbọ́n ìyá yè, ọmọ yè. Obìnrin ni ọmọ náà. Mọpẹ́lọ́lá ni wọ́n sọ ọ́.

Bámgbàlà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ náà di òwe. Níbi ìsọmọlórúkọ, ó dìde láàárín èrò, ó ní, "Mo bú ọkọ̀ yẹn fún oṣù mẹ́rin, mo tì í fún ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú kan yẹn ni wọ́n san ẹ̀san rẹ̀ fún mi. Ọkọ̀ Àwẹ̀ró ò gbàgbé ẹni tó tì í."

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, bí ojú bá ń ti ẹnìkan ní Òkè-Arère láti wá ìrànlọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ti ṣẹ̀ rí, àwọn àgbà á rán an létí oore tó ṣe fún onítọ̀hún rí, bó ti wù kó kéré mọ, wọ́n á sì ní: "Dìde, máa lọ. Ọkọ̀ Àwẹ̀ró kì í gbàgbé ẹni tó tì í."