Oríkì Tí Wọ́n Ń Kì Láti Iwájú ní Ìdí-Apá

Nígbà tí ogun Látúnsìn ará Agbéle pé ọjọ́ kẹtàdínlógún lẹ́yìn odi Ìdí-Apá, omi kànga ìlú ti di ẹrẹ̀, àwọn ìyá ọlọ́mọ sì ń fi aṣọ sẹ́ ẹrẹ̀ náà kí ọmọ wọn tó rí ìwọ̀nba mu. Ẹnubodè méjèèjì ni Látúnsìn kó ọmọ ogun dí. Odò wà lóde, oko wà lóde, àgbàdo ń gbó fún ẹyẹ jẹ. Àfi bí ẹni pé ìyẹn kò tó, ọkùnrin náà tún rán ikọ̀ sí Baálẹ̀ pé òun fún wọn ní ọjọ́ márùn-ún péré. Tí ó bá di ọjọ́ karùn-ún, kí wọ́n kó gbogbo ẹṣin ìlú jáde fún òun, kí Sárùmi, olórí àwọn ẹlẹ́ṣin wọn, máa fi ẹsẹ̀ rìn níwájú, kí ó máa fa àwọn ẹṣin náà lókùn bí ẹni fa ewúrẹ́ lọ sọ́jà. Ó ní ṣebí ẹsẹ̀ náà ni Sárùmi wọn kúkú mọ̀ ọ́n lò láti ọdún mẹ́ta wá. Àwọn ará ìlú gbọ́, inú bí wọn. Àmọ́ kì í ṣe Látúnsìn nìkan ni wọ́n ń bínú sí. Sárùmi tiwọn gan-an ni wọ́n ń bínú sí jù.

Ṣàngódèyí ni orúkọ Sárùmi náà, Àdìó ni oríkì rẹ̀. Àdìó ọmọ afẹṣin-fo-yàrà, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tí í jókòó lórí ẹṣin bí ẹni jókòó sórí ẹní nílé baba rẹ̀. Baba ńlá rẹ̀ ló kó ọkùnrin ìlú jọ tí wọ́n fi gbẹ́ yàrà tó yí odi ká, òun náà ló sì dá a sílẹ̀ pé lọ́dọọdún, àwọn ẹlẹ́ṣin gbọ́dọ̀ fo yàrà náà níbi tí ó ti fún jù, lẹ́yìn àdúgbò àwọn amọ̀kòkò, níbi tí ilẹ̀kùn kékeré kan ti wà lára odi fún ẹṣin. Òfin kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ lójú: a kì í ṣíwájú Sárùmi fo yàrà. Bí Sárùmi kò bá fò, ẹlẹ́ṣin kankan kò gbọdọ̀ fò. Bí ó bá sì fẹ́ fò, obìnrin ilé rẹ̀ kan á dúró sí ẹsẹ̀ odi lẹ́yìn rẹ̀, á máa kì í títí ẹṣin yóò fi balẹ̀ ní òdìkejì.

Àwẹ̀ró ni obìnrin tí í máa ki Ṣàngódèyí. Ìyàwó ìkẹyìn baba rẹ̀ ni, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nítorí pé Àwẹ̀ró bá a nílé ni, kò pe orúkọ rẹ̀ rí láyé. “Ọkọ mi” ló ń pè é, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe ọmọ tó bá nílé ọkọ. Ní ọdún kẹta sẹ́yìn ni ẹṣin dúdú tí Sárùmi ń gùn já sínú yàrà lójú gbogbo ìlú. Ọrùn ẹṣin ṣẹ́, ó kú síbẹ̀, èjìká Sárùmi sì yẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ẹṣin bá dáni, gígùn là á tún un gùn. Ó tún un gùn lóòótọ́, ó ra abo ẹṣin pupa kan tí ó sọ ní Pọ́nbépo, ṣùgbọ́n fífò ni kò lè fò mọ́. Bí ó bá ti rí kòtò tó fẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ méjì, ọwọ́ rẹ̀ á fa ìjánu láìjẹ́ pé ó rán an níṣẹ́, òógùn tútù á bò ó. Dípò kí ó jẹ́wọ́, ó dúró níwájú àwọn ìjòyè, ó ní ẹnu Àwẹ̀ró ló dá òun, kì í ṣe ẹṣin. Ọ̀rọ̀ burúkú gbáà ni, kò sì yẹ ọmọlúàbí. Obìnrin náà gbọ́. Láti ọjọ́ náà, kò ki ẹnikẹ́ni mọ́ nínú ilé náà, ìbáà ṣe ọmọ tí wọ́n bí lánàá.

Baálẹ̀ pe ìpàdé. Gbogbo wọn mọ̀ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: ibi yàrà tó fún lẹ́yìn àwọn amọ̀kòkò. Tafàtafà mẹ́ta péré ni Látúnsìn fi síbẹ̀, torí ó ti gbọ́ pé kò sẹ́ni tó ń fò ó mọ́. Bí ogójì ẹṣin bá lè kọjá níbẹ̀, inú igbó ni wọn yóò gbà yọ sẹ́yìn bùdó rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ẹlẹ́ṣin bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn fò láìdúró de Sárùmi. Baálẹ̀ ní kò ṣẹlẹ̀ rí, kò sì ní ṣẹlẹ̀ lójú òun. Àwọn kan lára àwọn ìjòyè ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n kúkú kó ẹṣin fún Látúnsìn. Ọ̀tún Baálẹ̀ ni kò lè mú un mọ́ra, ó yíjú sí Sárùmi.

“Bí ẹsẹ̀ rẹ kò bá gbé oyè yìí mọ́, gbé e kalẹ̀ fún ẹni tó lè gbé e.”

Ṣàngódèyí dáhùn pé oyè Sárùmi, ikú nìkan ní í gbà á lọ́wọ́ ẹni, ẹni tó bá sì fẹ́ gbà á, kó wá pa òun. Ó dìde, ó lọ. Ìbínú ló gbé e délé, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ilé ẹṣin tí ó di ọrùn Pọ́nbépo mú, ojú tì í ju bí inú ti ń bí i lọ.

Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró bá a. Obìnrin tí kò bá a sọ̀rọ̀ kan dan-in-dan-in fún ọdún mẹ́ta dúró ti òpó, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

“Ọkọ mi, o pa mí lẹ́nu mọ́ lójú ìlú. Mo fara mọ́ ọn. Ìlú ń kú lọ báyìí, n kò ní fara mọ́ ìyẹn. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ lórí yàrà lọ́jọ́ náà?”

Ó kọ́kọ́ jágbe mọ́ ọn pé kó fi òun sílẹ̀. Àwẹ̀ró kò mira. Nígbà tó yá, Ṣàngódèyí sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

“Ẹ̀yin ni mo gbọ́, Ìyá. Orí mi wú. Mo bojú wẹ̀yìn kí n dá yín lóhùn, ẹṣin sì ti gbéra.”

“Ìwọ bojú wẹ̀yìn.”

“Ta ni wọn yóò máa kì tí kò ní wo ẹni tó ń kì í?”

Ẹni tó bá mọ ẹṣin mọ̀ pé ibi tí ojú ẹlẹ́ṣin bá lọ ni ara ẹṣin ń bá a lọ. Àwẹ̀ró jókòó sórí odó tó wà níbẹ̀, inú bẹ̀rẹ̀ sí bí i lọ́tun, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí ọmọ náà mọ́.

“Láti ayé baba ńlá yín la ti ń dúró sẹ́yìn ki ẹni tó ń lọ síwájú. Gbogbo wa la ya wèrè, ọkọ mi. Di gàárì.”

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kìíní, Àwẹ̀ró ní kí wọ́n tẹ́ òpó kan sílẹ̀ ní àgbàlá, òun fúnra rẹ̀ lọ dúró ní iwájú, ó sì kì í. Ṣàngódèyí fò ó, ìyẹn kò sì tó ohun à ń yọ̀ sí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dá odó méjì dùbúlẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́. Ó fò ó lẹ́ẹ̀mẹfà. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n lọ síbi kòtò tí àwọn amọ̀kòkò ti ń wa amọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Pọ́nbépo sáré dé etí kòtò, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọwọ́ olówó rẹ̀ fa ìjánu. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bì. Àwọn amọ̀kòkò tó ń wò ó bẹ̀rẹ̀ sí rojú. Àwẹ̀ró bú u níbẹ̀, ó ní ẹṣin kò bẹ̀rù, ẹni tó wà lórí ẹṣin ló ń kọ́ ọ lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Ó fò gun ẹṣin, ó gún un ní kẹ́sẹ́, ó sì fi ìbínú fo kòtò náà, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Pọ́nbépo já sétí amọ̀, díẹ̀ ló kù kí wọ́n padà sínú rẹ̀.

“Ìbínú gbé ọ kọjá,” Àwẹ̀ró ní, “kò bá ọ balẹ̀. Tú ọwọ́ rẹ, wò mí, kí o tún un fò.”

Ó tún un fò títí oòrùn fi wọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ lórí ìjánu, ojú rẹ̀ kò kúrò lára obìnrin náà, Pọ́nbépo sì ń ré kòtò kọjá bí ẹni ré ìloro kọjá.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Ṣàngódèyí sọ fún Àwẹ̀ró pé kí ó má wulẹ̀ dà á rò láti lọ sí òdìkejì yàrà, torí ọ̀dọ̀ ọ̀tá nìyẹn. Àwẹ̀ró bi í pé níbo ni iwájú wà nígbà náà. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, tí àwọn ará Agbéle ti tú gàárì ẹṣin wọn tí wọ́n ń jẹun, tí ogójì ẹlẹ́ṣin sì ti tò sẹ́yìn Sárùmi, obìnrin náà gbé àkàsọ̀ ọparun sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà, ó gun òdìkejì, ó sì dúró sábẹ́ igi apá kan, ó kọjú sí ìlú. Àwọn tafàtafà mẹ́ta náà kọ́kọ́ ń wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ó gbóhùn sókè.

“Àdìó! Ọmọ afẹṣin-fo-yàrà! Ọmọ a-rí-kòtò-má-yà! Ọmọ ẹlẹ́ṣin tó lọ…”

Ọfà bá a ní ìhà. Pọ́nbépo ti ń sáré bọ̀ nígbà náà. Gbogbo ìlú tó wà lórí odi rí i pé oríkì ti já, wọ́n rí i pé obìnrin náà ń ṣubú, wọ́n sì ń retí kí ọwọ́ Sárùmi tún fa ìjánu. Kò fà á. Ìbínú tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà tó láti jó ìlú kan, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò níbi tí Àwẹ̀ró dúró sí. Ẹṣin gbéra, ó kọjá, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin balẹ̀ sórí ilẹ̀ líle. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ parí oríkì náà, pẹ̀lú omi lójú: “Tó sì bọ̀!” Ogójì ẹṣin tẹ̀ lé e. Àwọn tafàtafà kò rí ọfà kejì ta. Látúnsìn kò rí àyè wọ bàtà, ẹsẹ̀ lásán ló fi sá dé odò, ibẹ̀ ni Ṣàngódèyí sì ti pa á.

Nígbà tí ó ń padà bọ̀, ó gbé òkú Àwẹ̀ró síwájú gàárì. Àwọn ìjòyè tó ti fẹ́ kó ẹṣin fún ọ̀tá ló wá ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, tí wọ́n ń kì í kíkankíkan. Ó dá ẹṣin dúró, kò bojú wẹ̀yìn.

“Ẹni tó bá fẹ́ kì mí, kó wá síwájú. Ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo gbé dání yìí.”

Abẹ́ igi apá náà ni ó sin ín sí, ó sì pe ibẹ̀ ní Iwájú Àwẹ̀ró. Yàrà ti kún báyìí, àfi ibi tí ẹṣin ti ń fò ó, àgbàdo ni wọ́n ń gbìn sínú ìyókù, ṣùgbọ́n bí àjèjì bá kí ọmọ Ìdí-Apá láti ẹ̀yìn, kò ní dáhùn. Àwọn tí kò mọ̀dí ń pè é ní ìgbéraga. Lọ́jọ́ ọdún ẹṣin, obìnrin ilé Sárùmi á lọ dúró sábẹ́ igi náà, á kì í dé “ọmọ ẹlẹ́ṣin tó lọ”, á sì pa ẹnu mọ́. Ìlú á dákẹ́ títí ẹṣin yóò fi balẹ̀, tí ẹni tó wà lórí rẹ̀ yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìyókù.